Bàtà Oníhò Tó Gba Ìdọ̀bálẹ̀ Àna

Ìwé kẹta ni mo kà dé. Ìwé kẹrin rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà gbà mí sílé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sì kọ́ mi ni pé ọmọ aráyé kì í jọ ara rẹ̀ nígbà tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Accra ni mo ti ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, ní àdúgbò Sabon Zongo, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kéré débi pé bí ìyàwó bá sanra, èmi ni mo máa jáde lọ dúró síta, kí n máa yà á láti ojú fèrèsé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ta aṣọ ńlá kan mọ́ ògiri, wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí i pẹ̀lú àtẹ̀gùn, kí ó lè dà bíi pé tọkọtìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní gáùn funfun kan tí mo rà ní ọjà Kantamanto, nínú aṣọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní oburoni wawu, ìyẹn ni pé òyìnbó tó ni ín ti kú. Òyìnbó tó ni gáùn tèmi yẹn á gùn tó ọ̀pẹ. Pín-ìnnì ni mo fi ń ká a sẹ́yìn ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Bí o bá wò ó níwájú, ayaba ni. Bí ó bá yíjú padà, òòrẹ̀ ni. Mo sì ní agbádá funfun kan tí mo ń yá àwọn ọkọ ìyàwó tí kò bá ní.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó á gan bí ẹni tí adájọ́ fẹ́ dá lẹ́jọ́. "Ẹ dúró! Ẹ má mí!" ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ké, oníbàárà á sì dá èémí dúró lóòótọ́. Mo mọ ọkọ ìyàwó kan tó dákú lórí àga nítorí pé ọ̀gá mi gbàgbé láti sọ fún un pé kó padà máa mí.

Èmi ò lè fara da fọ́tò òkú. Mo wá ọgbọ́n dá sí i. Màá gbé ọwọ́ sókè, màá ní, "Ó tán! Mo ti yà á!" Irọ́ ni, mi ò tíì tẹ nǹkan kan. Gbogbo wọn á mí kanlẹ̀. Ọkọ á họ itan. Ìyàwó á fi ìgbọ̀nwọ́ gún un pé ó ti ń tẹ òun lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀. Ìyá ọkọ á tú gèlè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ìgbà yẹn gan-an ni màá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà màá sọ pé fíìmù kọsẹ̀, kí wọ́n tún gan lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí wọ́n gan ni wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Èyí tí wọ́n ń mí, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn mi. Fọ́tò olè ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń pè é. Kámẹ́rà mi mọ olè yìí jà débi pé bí mo bá tòògbé lẹ́nu àríyá, òun á dá ya tirẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi í.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà tí mo fi dé Accra, mo sì gbọ́ Gã, èdè àwọn onílẹ̀ Accra, débi pé bí mo bá bú ènìyàn, ará Gã tó ni èdè á dúró tì mí kó lè kọ́ èébú tuntun. Alata ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó mọ̀ mí ní ìgboro kò mọ̀ pé Alata ni mí. Mi ò ní ilà lójú. Mi ò sì sọ fún wọn.

Ó tó bí ọdún mẹ́ta ṣáájú òfin tó lé wa kúrò ní Ghana ni mo ya ìgbéyàwó ọmọ ìyá ọlọ́ṣẹ. Ìyá ọlọ́ṣẹ àti ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ni wọ́n ń gbé òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi. Accra ni wọ́n bí ọmọbìnrin wọn sí. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é ní Yorùbá, Gã ni yóò fi jẹ́. Káfíńtà kan, ọmọ Gã, tó ń kan àga nítòsí wọn, ló gba ọkàn rẹ̀. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Bàbá ìyàwó sọ pé, "Àwọn Gã ò mọ ìdọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin tí kò bá lè na ara rẹ̀ sílẹ̀ fún mi kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ mi." Ìyá ọkọ, opó kan tí ojú rẹ̀ le bí igbá, sọ pé òun yóò lọ síbi ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n eyín òun ò ní bá òun lọ.

Oṣù kan gbáko ni ọmọbìnrin náà fi kọ́ ọkọ rẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀, lórí èérún pákó nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Mo máa ń lọ wò wọ́n.

"Má wo ojú àgbà," ni yóò máa wí. "Ilẹ̀ ni kí o máa wò láti ẹnu ọ̀nà. Bí o bá ti rí etí agbádá funfun báyìí, wó lulẹ̀."

"Tí mi ò bá wo ojú rẹ̀ ńkọ́, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé òun ni?"

"Àgbà ni. Wàá mọ̀."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nínú àgbàlá bàbá ìyàwó, èmi náà wọ agbádá funfun tèmi. Aládùúgbò ni mí, kì í ṣe fọtógíráfà lásán. Ṣùgbọ́n bàtà ni kò bá agbádá mu. Bàtà kańfáàsì funfun ni, ọ̀tún rẹ̀ ti lu níbi àtàǹpàkò, ihò náà tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe gbọ́ pé ọkọ ń bọ̀, mo bọ́ síwájú bàbá ìyàwó kí n lè jí àbáwọlé rẹ̀ yà. Irú kámẹ́rà tí a ń gbé kọ́ àyà ni mo gbé, èyí tí ó jẹ́ pé orí ni o máa tẹ̀ wo inú rẹ̀.

Káfíńtà wọlé. Ilẹ̀ ló ń wò bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó rí etí agbádá funfun.

Gbìì!

Ó na tán síwájú mi bíi pákó tó ń dúró de ayùn. Eruku sọ. Ó wá fi Yorùbá tí wọ́n kọ́ ọ ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́mọ yín!"

Ẹni tó ní làákàyè á ti yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Èmi? Ọ̀tún di kámẹ́rà mú, mo na ọwọ́ òsì lé e lórí. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ilé rẹ kò ní tú. O kò ní fi ọwọ́ rẹ kan pósí ọmọ. Ìbejì ni wàá kọ́kọ́ bí."

"Àmín o, Bàbá!"

Ohùn kan bú jáde lẹ́yìn mi. "Ta ló ń súre fún àna mi?"

Ìyàwó sáré dé, ó di ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ mú, ó ń fà á. "Dìde! Kì í ṣe òun! Fọtógíráfà nìyẹn!"

"Mo ní Gã ò mọ ìdọ̀bálẹ̀," bàbá ìyàwó ń ké. "Ó mọ̀ ọ́n o! Ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún ni kò mọ̀! Ọwọ́ kámẹ́rà ló ti gba ìyàwó!"

Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbé e, ó gbá ilẹ̀kùn mú, gèlè rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ bo etí kan, gbogbo eyín tó ní òun kò ní mú wá ló wà níta. "Ẹ fún un ní ìyàwó rẹ̀," ó fi Gã ké, "kí ó tó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́!"

Ìka mi tẹ kámẹ́rà. Kì í ṣe èmi, ìka mi ni.

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ìyàwó fúnra rẹ̀ kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n fa káfíńtà dìde, wọ́n nu eruku lójú rẹ̀, ó lọ na ara rẹ̀ síwájú ẹni tó yẹ, wọ́n sì fún un ní ìyàwó. Láti ọjọ́ náà, àna ni òun àti èmi ń pe ara wa.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, bàbá ìyàwó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ ti padà sí ipò rẹ̀.

"Fọ́tò tí ọmọkùnrin yẹn ti dọ̀bálẹ̀ fún ọ, jó o. Àwọn ẹbí mi nílé ò gbọdọ̀ rí i láé."

"Mo ti jó o, Bàbá." Mo fi eérú hàn án. Eérú ìwé ìròyìn ni. Inú agolo bisikíìtì ni èyí tí ó ń wá wà.

Fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ni èyí tí wọ́n wá yà lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú gáùn òyìnbó àti ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n gan bí ẹja gbígbẹ. Kò pé ọdún méjì, ìyàwó bí ìbejì. Mo rìn káàkiri Sabon Zongo fún ọ̀sẹ̀ kan, mò ń bi gbogbo ènìyàn pé, "Ta ló súre?" Ìyá ọkọ gbé àwọn ọmọ náà jó fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ikú mú un. Arákùnrin rẹ̀ tó di olórí ẹbí kò fẹ́ràn ìgbéyàwó náà rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin dé. Orí rédíò ló gbà wọlé. Wọ́n ní àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú, kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àjèjì. Mo bojú wẹ̀yìn kí n wo ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Sabon Zongo ti di ẹrù. Ẹni tó ti ń ta aṣọ láti ìgbà èwe rẹ̀ ń na aṣọ fún ẹni tó bá kọjá. Ẹnìkan ń tú páànù orí ilé tó fúnra rẹ̀ kọ́, nígbà tó tú u tán ni ó rántí pé kò sí ọkọ̀ tó máa gbé páànù. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé ènìyàn débi pé àwọn tó wà lókè ń fọwọ́ já ẹyin ẹyẹ lórí igi bí wọ́n ṣe ń lọ. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi.

Ìyá ọlọ́ṣẹ àti ọkọ rẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ó tó gun ọkọ̀, ìyá náà fa apá agbádá mi.

"Ọmọ mi kò bá wa lọ. Ọkọ rẹ̀ wà níbí, àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbí. Ìwọ lo gba ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ rẹ̀, àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni, Màmá."

"Tóò. Ìwọ ni kí o máa bá mi wò ó."

Mo ní ó dára. Ẹnu mi kì í kọ ẹrù.

Ariwo wá ń lọ pé obìnrin Alata tí ọkọ rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ghana, wọ́n lè fi í sílẹ̀, bí ó bá lè fi ẹ̀rí ìgbéyàwó hàn. Àwọn obìnrin dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀rí tí wọ́n mọ̀ ni fọ́tò. Òmíràn ní ọkọ, kò ní fọ́tò. Òmíràn kò ní ọkọ rárá, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ mẹ́rin àti ojú tí mi ò lè wò pẹ́. Kí ni kí n ṣe? Mo gbé gáùn wọ̀ wọ́n. Níbi tí ọkọ kò bá sí, mo pe bàbá kan tó ń ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ láti máa ta kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àwọn ará Gã, ọkùnrin ẹlẹ́mìí tútù ni. Láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fún un ní ìyàwó mọ́kànlá. Ní ti ìkejìlá, ó ní òun fẹ́ sinmi, pé ìgbéyàwó ti ń rẹ òun.

Mo rò pé mo ń ṣe rere ni. Ọmọ ìyá ọlọ́ṣẹ ló wá sọ ohun tí mo ṣe fún mi.

Ó gbé ọmọ kan sẹ́yìn, ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ju fọ́tò ìgbéyàwó wọn sórí àga mi.

"Bàbá, ẹ wo iṣẹ́ yín. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìwé àṣẹ. Ọ̀gá ibẹ̀ wò ó báyìí, ó fà á jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní gáùn yìí ti fẹ́ ọkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú yìí ti gbé ìyàwó tán ní Accra."

"Ọkọ rẹ ńkọ́? Kò sọ̀rọ̀?"

"Ó sọ ọ́. Wọ́n ní ọkùnrin tó ń sọ pé 'ìyàwó mi ni' pọ̀ ju ìyàwó lọ. Wọ́n ní kí ẹbí rẹ̀ wá jẹ́rìí. Arákùnrin ìyá rẹ̀ ní òun ò mọ Alata kankan." Ó jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. "Ìyá ọkọ mi ì bá jẹ́rìí sí mi. Ó ti kú. Bí mi ò bá mú ẹ̀rí gidi lọ ní ọ̀la, wọ́n ní kí n máa lọ. Wọ́n sì ní ọmọ Ghana ni àwọn ọmọ mi, wọn ò lé àwọn. Èmi nìkan."

Ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń fa pín-ìnnì kan lára gáùn. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọ inú kámẹ́rà lọ.

Mo fa agolo bisikíìtì jáde lábẹ́ ibùsùn. Mo wá a, wá a, mo ń gbé fíìmù kọ̀ọ̀kan sókè wò nínú oòrùn, títí mo fi rí ọkùnrin kékeré kan tó nà sílẹ̀, tí ìyàwó ń fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ rẹ."

Ó la ẹnu. "Bàbá mi ní ẹ ti jó o. Ó ní òun rí eérú."

"Eérú ló rí."

"Ẹ parọ́ fún bàbá mi?"

"Mo parọ́ fún gbogbo ẹbí yín, kì í ṣe òun nìkan. Lọ pe ọkọ rẹ kó múra ọ̀la."

Ní àárọ̀, mo fọ fọ́tò náà tóbi tó àwo ìjẹun, mo sì bá wọn lọ. Káfíńtà kò tíì rí i, mo fi bébà wé e. Ẹ rántí pé èmi náà kò ní ìwé àṣẹ kankan. Ẹni tó ń sá fún kìnnìún kì í lọ kí i nílé. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún ìyá ọlọ́ṣẹ, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé Gã ẹnu mi.

Àgbàlagbà ni ọ̀gá ọ́fíìsì náà, ó fi òwú so ẹsẹ̀ awò ojú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ti rí ènìyàn burúkú nínú kámẹ́rà, iṣẹ́ wọn kì í rẹ̀ wọ́n. Ó rẹ eléyìí.

"Ìwọ ìyàwó yìí," ó ní, "bí gáùn yẹn ni o tún gbé wá, máa gbé e lọ. Mo ti mọ gáùn náà ju aṣọ ìyàwó mi lọ."

Mo tẹ́ fọ́tò síwájú rẹ̀. Ó wò ó. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Kí ni ọkùnrin yìí ń wá nílẹ̀ tí ìyàwó yìí fi ń fà á? Ṣé owó rẹ̀ ló bọ́ ni?"

"Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ ni, ọ̀gá. Àṣà ilé ìyàwó ni."

"Àna náà dà?"

"Kò sí nínú rẹ̀. Ó jókòó lẹ́yìn."

"Bàtà ta wá ni èyí?"

"Ti fọtógíráfà ni."

Ó gbé ojú sókè. "Ó dọ̀bálẹ̀ fún fọtógíráfà?"

Káfíńtà sọ orí kọ́. "Ilẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa wò, ọ̀gá."

Ẹ̀pà fò jáde lẹ́nu ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi lu tábìlì, àwọn tó wà ní yàrá kejì yọjú. Ṣùgbọ́n ó rántí iṣẹ́ rẹ̀. "Ó dára. Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àná lẹ ya èyí náà?"

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lé etí àga. Bàtà kan náà ló wà níbẹ̀. Nígbà wo ni ọwọ́ mi gbà á láti ra òmíràn? Mo ní, "Ẹ wo ihò tó wà nínú fọ́tò, ọ̀gá. Bọ́tìnnì ni. Ẹ wá wo ti òní." Ìka ẹsẹ̀ mi méjì wà níta gbangba, ìkẹta ń yọjú wo ọ̀nà. "Irú ihò báyìí kì í là lóru ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́ta ló gbà á."

"Ìwọ lo ni bàtà? Ìwọ náà lo ya àwọn gáùn yẹn?"

"Èmi ni. Àwọn obìnrin náà wá, ọ̀gá, mi ò mọ bí a ti ń lé wọn."

Ó yí fọ́tò náà sí káfíńtà. "Ìwọ, obìnrin ẹnu ilẹ̀kùn yìí, ta ni?"

Káfíńtà wò ó. Fọ́tò kan ṣoṣo ló ní ti ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n gbé síwájú pósí, ojú le níbẹ̀ bí ẹni tó gbé egbòogi mì. Èyí ni ìyá rẹ̀ pẹ̀lú eyín níta, gèlè lórí etí kan. Ó fi ìka kan gèlè náà jẹ́jẹ́, bíi pé ó fẹ́ tún un wé fún un.

"Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lọ́jọ́ náà," ó ní. "Mi ò rí i. Ilẹ̀ ni mo ń wò."

Omijé rẹ̀ ń kán sórí tábìlì ọ̀gá. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ kan dì í mú, ó fi ìkejì gba fọ́tò kúrò níbi omi kí ó má bàa bàjẹ́.

Ọ̀gá fa ìwé kan, ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ lé e. "Ọkọ tí wọ́n yá fún ọjọ́ kan," ó ní, "kì í sunkún ìyá rẹ̀ sórí tábìlì mi. Gbà, ìyàwó. Máa lọ tọ́ ọmọ rẹ."

Ó dìde láti na ìwé náà sí i. Àgbà ni, ó ṣe wá lóore, ó dìde dúró. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti na ara mi sílẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì ọ́fíìsì. "Ẹ ṣeun, Bàbá! Ẹ óò jẹun ọmọ!" Yorùbá pọ́ńbélé ló sì jáde lẹ́nu mi.

Mo gbọ́ tí ọ̀gá ń jẹ ẹ̀pà kan, díẹ̀díẹ̀, lókè orí mi.

"Ará Gã kan," ó ní, "kì í fi ikùn dúpẹ́."

Mi ò dìde.

"Ọjọ́ mélòó ló kù?" ó bi akọ̀wé rẹ̀.

"Mẹ́rin, ọ̀gá."

"Awò ojú mi ti fọ́, mi ò rí ẹnikẹ́ni nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jókòó síbí lọ́jọ́ karùn-ún, awò tirẹ̀ dára. Dìde, Alata. Lọ kó ẹrù rẹ."

Mo lọ kó o. Mo fi gáùn sílẹ̀ fún bàbá oníkẹ́ńkè, nítorí òun ló mọ̀ ọ́n jù. Káfíńtà kan àpótí kékeré kan fún agolo bisikíìtì mi kó má bàa fọ́ lọ́nà. Ìyàwó rẹ̀ di kẹ́ńkè àti ẹja fún mi, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ títí tí ọkọ̀ fi gbéra. Mi ò rántí ohun tí mo sọ. Irọ́ ni yóò jẹ́.

Mi ò ya fọ́tò kankan lọ́jọ́ yẹn, kámẹ́rà pàápàá kò dá ya tirẹ̀.

Ọdún pọ̀ kí n tó padà sí Accra, gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ní páspọ́ọ̀tù. Orí mi ti funfun, eyín mi ti dín. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú trotro, ọkọ̀ èrò wọn, ní ibùdókọ̀ Circle, ẹ̀rù bà mí lójijì. Ta ló máa mọ̀ mí? Lójú àwọn ìbejì wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ méjì lásán nínú fọ́tò ni mí. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan tó ń ta omi, mo yá abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gé ihò sí iwájú bàtà ọ̀tún mi, bàtà tuntun tí ọmọ mi rà fún mi. Obìnrin náà ń wò mí bíi pé oòrùn ti pa mí.

Mo dé Sabon Zongo, mo kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga kan ṣí i, ọ̀kan nínú ìbejì ni. Kò wo ojú mi. Ó wo bàtà mi, ó dúró, ó sì fi Gã kígbe sínú ilé pé, "Màmá! Bàtà ara ògiri wà lẹ́nu ọ̀nà!"

Fọ́tò náà ni mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo yọjú wọlé, ó wà níbi tí ọkọ̀ òfuurufú wà tẹ́lẹ̀. Ìyá wọn sáré jáde, ó fi aṣọ bo ẹnu. Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àgbà ti dé sí i, eékún ń dùn ún. Mo ní, "Àna mi, má ṣe é, ó ti tó." Kò gbọ́. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń bọ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó fi eékún kan lélẹ̀, ó fi ìkejì lélẹ̀, ó sì na tán síwájú bàtà oníhò náà.

Mo gbé ọwọ́ òsì lé e lórí bíi tọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Mo súre pẹ́. Kò sí ẹni tó kígbe lẹ́yìn mi.